Wíwọn Ìrántí Kọ̀ǹpútà Tí Ètò Aṣàyẹ̀wò Ìtò-Fáìlì Ń Lò: Àlàyé fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́

Ìfáárà

Ní ọjà Ìpàtà àti Ọjà Ọba ní ìlú Ìlọrin, mùdù ni àwọn ìyá tí ń ta gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà fi ń wọn ọjà wọn. Ẹni tí ó bá mọ ọjà ná kì í wo orí mùdù nìkan. Yóò yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Yóò sì kíyè sí i bóyá olùtajà rọ ọ́ ní òkìtì ni tàbí ó fi ọwọ́ gé e lórí. Mùdù kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ inú àpò oníbàárà lè yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìrántí kọ̀ǹpútà rí. Ètò kan lè máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí àṣẹ kan sọ pé mẹ́gábáìtì 100 ni ó ń lò, kí àṣẹ kejì pè é ní 40, kí ẹ̀kẹta sì pè é ní 200, láìsí èyí tí ó purọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n kà ni kò jọra.

Ètò tí àlàyé yìí dá lé lórí ni èyí tí ń yẹ ìtò-fáìlì wò, tí àwọn tí ń lo Unix àti Linux ń pè ní fsck. Ìtò-fáìlì ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti fi fáìlì pamọ́ sórí dísìkì: ibi tí ó kó o sí, orúkọ tí ó fún un, bí ó ti tóbi tó, àti ààyè tí ó ṣì ṣófo. Bí ìlànà yìí bá dàrú, fáìlì lè wà lórí dísìkì kí kọ̀ǹpútà má sì mọ ọ̀nà dé ibẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ fsck ni láti wá ibi tí ó ti dàrú, kí ó sì tún un tò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlọrin gbọ̀ngbọ̀n. Láti ayé NEPA, dé orí PHCN tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2005, títí di ìgbà tí pípín iná bọ́ sí ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ekukáká ni a fi lè rí olùkọ́ kọ̀ǹpútà tí iná kò tíì lọ mọ́ lọ́wọ́ rí. Láti 2013 náà ni àjọ JAMB ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí yóò sì fi di 2015, ó ti fi ìwé àti pẹ́ńsùlù sílẹ̀ pátápátá. Yàrá kọ̀ǹpútà ti kúrò ní ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi han àlejò. Ibẹ̀ ni orúkọ, máàkì àti àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù gbára lé, ń kọ máàkì sílẹ̀ lọ́wọ́, ìtò-fáìlì rẹ̀ lè dúró ní ààbọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí iná bá dé, ó lè di dandan kí fsck kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí fáìlì kan ṣí.

Ìrántí ni fsck fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Bí kò bá tó, ètò náà yóò dúró lójú ọ̀nà, tàbí kí kernel, tí í ṣe ọkàn Linux fúnra rẹ̀, pa á kí kọ̀ǹpútà má baà dákú. Àtúnṣe tí ó dúró lágbedeméjì kì í ṣe dísìkì lóore. Nígbà náà ni ọ̀gá yóò bi olùkọ́ tí yàrá náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ pé mélòó ni ìrántí tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ rà. Bí ó bá dárúkọ iye tí ó kéré jù, máàkì akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ewu; bí ó bá sì dárúkọ iye tí ó pọ̀ jù, owó tí ó yẹ kí wọ́n fi ra ìwé tàbí bátìrì ti bá a lọ.

Ohun tí ètò aṣàyẹ̀wò ń gbé sọ́kàn

Ọjọ́ fsck ti pẹ́. T. J. Kowalski ti Bell Labs ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn ní ìbẹ̀rẹ̀, Marshall Kirk McKusick sì tún un ṣe fún ìtò-fáìlì ti Yunifásítì California ní Berkeley. Ní ti Linux, Rémy Card, Theodore Ts'o àti Stephen Tweedie ni wọ́n gbé ìtò-fáìlì ext2 jáde ní 1993. Ext3 tẹ̀lé e ní 2001. Ext4 sì di èyí tí wọ́n kéde pé ó ṣeé gbára lé ní 2008. Ètò aṣàyẹ̀wò kan náà, e2fsck, ni ó ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni ọ̀rọ̀ yóò dá lé jù níhìn-ín. Lóòótọ́, ext3 àti ext4 ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí kí wọ́n tó ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, kíka ìwé kékeré yẹn lásán sábà máa ń tó. Ṣùgbọ́n bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, tàbí tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò bá jẹ́rìí tí ó péye, àyẹ̀wò kíkún ni ó kù.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi àyẹ̀wò kíkún ye akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni kíka ìwé inú láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ ní ìparí ọdún. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìlà tirẹ̀ nínú rẹ́jísítà: èyí ni inode, tí ó ń sọ bí fáìlì ti tóbi tó àti àwọn ibi tí ó wà. Àyè orí pẹpẹ ni búlọ́ọ̀kù. Dúrọ́ọ̀ káàdì tí orúkọ ìwé wà nínú rẹ̀ ni fódà. Ẹni tí ń ka láíbìrì kò lè mọ̀ pé ìwé méjì ń du àyè kan ṣoṣo àyàfi tí ó bá ti ń sàmì sí gbogbo àyè tí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sì lè mọ̀ pé ìwé kan wà lórí pẹpẹ tí kò ní káàdì, àfi tí ó bá ka gbogbo káàdì tán. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jù ú nù kí iṣẹ́ tó parí. Ìwé àkọsílẹ̀ ọwọ́ yẹn ni ìrántí tí fsck ń lò.

Ìpele márùn-ún ni e2fsck ń gbà. Ní ìkíní, ó ń ka inode àti búlọ́ọ̀kù wọn. Ní ìkejì, ó ń yẹ inú fódà wò. Ní ìkẹta, ó ń wò bóyá gbogbo fódà so mọ́ gbòǹgbò. Ní ìkẹrin, ó ń ka iye orúkọ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Ní ìkarùn-ún, ó ń fi ohun tí ó rí wé ohun tí dísìkì sọ nípa ara rẹ̀. Fáìlì tí kò bá ní òbí ni ó ń kó sínú fódà lost+found. Ìpele kìíní ni ó gba àkókò jù, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọwọ́ yẹn ti ń kún.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká sọ pé dísìkì jẹ́ tẹ́rábáìtì 1, tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kílóbáìtì 4. (Kílóbáìtì níhìn-ín jẹ́ báìtì 1,024, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń lọ sókè.) Búlọ́ọ̀kù tí yóò wà níbẹ̀ jẹ́ 268,435,456. Bíìtì kan ṣoṣo ni àmì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíìtì 8 sì ni báìtì kan. Nítorí náà àtẹ àmì kan yóò gba báìtì 33,554,432, èyí tí í ṣe mẹ́gábáìtì 32. Bí wọ́n bá ṣe inode kan fún kílóbáìtì 16 kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí mke2fs ti sábà máa ń ṣe, inode yóò jẹ́ 67,108,864, àtẹ kan fún wọn yóò sì gba mẹ́gábáìtì 8. Àtẹ kan ṣoṣo kọ́ ni e2fsck ń tẹ́. Ó ní èyí tí ó fi ń sàmì sí inode tí ó ń ṣiṣẹ́, èyí tí ó fi ń mọ fódà, èyí tí ó fi ń mọ fáìlì gidi, àti òmíràn bẹ́ẹ̀. Bí dísìkì bá wá di tẹ́rábáìtì 8, àtẹ búlọ́ọ̀kù kan péré ti di mẹ́gábáìtì 256. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí ìrántí rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 512 lọ, irú èyí tí ó kún yàrá kọ̀ǹpútà nígbà kan, ti fi ìdajì sílẹ̀ fún àtẹ kan.

Lẹ́yìn àtẹ ni àwọn ohun tí ìwọ̀n dísìkì kò pinnu. Fún fódà kọ̀ọ̀kan, e2fsck ń pa nọ́ńbà mẹ́ta mọ́: ti fódà náà, ti òbí tí fódà náà fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, àti ti òbí tí àyẹ̀wò bá a lọ́dọ̀ rẹ̀. Báìtì 12 ni àpapọ̀ wọn, tí mílíọ̀nù fódà kan yóò sì gba bíi báìtì mílíọ̀nù 12. Fáìlì tí ó ń jẹ́ ju orúkọ kan lọ tún ń béèrè àkọsílẹ̀ tirẹ̀, nítorí bíìtì kan kò lè sọ ju “ó wà” tàbí “kò sí” lọ. Ìdí nìyí tí dísìkì tí wọ́n ń kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí lójoojúmọ́, tí fáìlì kan ń ti ibi orúkọ púpọ̀ jáde, fi lè jẹ ìrántí ju dísìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí wọ́n tilẹ̀ tóbi bákan náà.

Òǹkà mẹ́ta fún ohun kan

Bí ènìyàn bá tẹ àṣẹ ps tàbí top nígbà tí e2fsck ń ṣiṣẹ́, òǹkà méjì ni yóò kọ́kọ́ rí: VSZ, tí top ń pè ní VIRT, àti RSS, tí top ń pè ní RES. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a mú èyí tí ó bá tóbi jù, wọ́n a ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Baálé ilé kan lè ra púlọ́ọ̀tì mẹ́fà sí Gáà Àkànbí, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ó sì jẹ́ pé yàrá méjì péré ni ó tíì kọ́. VSZ ni ìwé ilẹ̀. RSS ni yàrá tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀. Linux kì í sábà fún ètò ní ìrántí gidi ní ìgbà tí ètò náà béèrè. Ìgbà tí ètò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ojú-ewé ìrántí kan, tí ó máa ń jẹ́ kílóbáìtì 4 lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ni kernel yóò tó wá ojú-ewé gidi fún un. Ẹni tí ó bá fi VSZ lọ ra ìrántí ti ka ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ mọ́ ilé.

RSS náà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn ètò orí Linux ń jùmọ̀ lo àkójọ iṣẹ́ kan náà, bí agbo ilé ṣe ń jùmọ̀ pọn omi nínú kànga kan. Bí wọ́n bá bi ìdílé mẹ́wàá inú agbo ilé náà léèrè, tí olúkúlùkù sọ pé àwọn ní kànga, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ yóò kọ kànga mẹ́wàá sílẹ̀. Òǹkà kẹta, PSS, tí ó wọ inú kernel pẹ̀lú ẹ̀dà 2.6.25 ní 2008, ni ó ń pín kànga náà. Bí ètò kan bá ní mẹ́gábáìtì 40 tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí ó sì ń bá ètò mẹ́sàn-án mìíràn pín mẹ́gábáìtì 2, RSS yóò sọ pé 42, PSS yóò sì sọ pé 40.2.

Ṣùgbọ́n ṣá o, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé PSS gẹ̀gẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ fsck. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, tí àyẹ̀wò ń lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé e2fsck nìkan ni ó wà nínú agbo ilé. Ohun tí ó ń bá ẹlòmíràn pín kéré, àtẹ rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àṣìṣe tí ó burú jù ni ti àkókò. Ẹni tí ó wo RSS ní ìpele kẹrin kò mọ bí ó ti ga tó ní ìpele kìíní. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kernel ti pèsè fún èyí. Nínú fáìlì status tí ó wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ /proc, ìlà kan wà tí ń jẹ́ VmHWM, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ àmì ibi tí omi kún dé. Ẹni tí ó ń gbé létí odò Àsà mọ irú àmì bẹ́ẹ̀: odò ti fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìlà ẹrẹ̀ ṣì wà lára ògiri. VmHWM ni RSS tí ó ga jù lọ láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ kan ni pé bí ètò bá ti parí, ògiri náà wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ohun tí a óò wò mọ́ lábẹ́ /proc.

Àṣẹ time ti GNU, tí a bá fi -v sí i, ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, nítorí pé lẹ́yìn tí ètò bá parí ni ó ń kéde RSS tí ó ga jù. Ibi tí ó ti rí iye náà ni kernel, kernel kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè rẹ̀ fún un títí di ẹ̀dà 2.6.32, tí ó jáde ní 2009. Òdo ni àwọn ẹ̀dà tí ó ṣáájú ń dá padà. Ohun tí ó tún jẹ́ ìyanu ni ti ẹ̀dà 1.7 ti àṣẹ time náà. Kernel ti sọ iye ní kílóbáìtì, àṣẹ náà sì rò pé ojú-ewé ni ó kà; ó wá fi kílóbáìtì 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Gbogbo ètò tí ó bá wọ̀n a di ìlọ́po mẹ́rin ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tí ó tẹ̀lé e ti ṣàtúnṣe sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tún ohun inú rẹ̀ ṣe ṣì lè máa sọ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò san owó ìrántí mẹ́rin fún iṣẹ́ tí ọ̀kan tó.

Ọ̀nà kan wà tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí olùkọ́ tètè gé kúrú. Wọn a tẹ àṣẹ free kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, wọn a tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ń lọ, wọn a yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Èsì rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ rékọjá ààlà. E2fsck ń ka dísìkì, kernel sì ń fi ohun tí wọ́n bá kà pamọ́ sínú ìrántí tí kò rí nǹkan ṣe, kí ó lè tètè rí i bí wọ́n bá tún béèrè. Ìrántí yẹn kì í ṣe ti e2fsck. Bí ẹlòmíràn bá nílò rẹ̀, kernel yóò gbà á padà. Nítorí irú àṣìyé yìí ni wọ́n fi fi iye tí ń jẹ́ MemAvailable kún kernel 3.14 ní 2014, kí ènìyàn lè mọ ohun tí ó kù ní tòótọ́. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, bí ìrántí bá há tí kernel sì ń kó ojú-ewé lọ sí swap lórí dísìkì, RSS yóò máa wálẹ̀ bí ẹni pé ètò náà ti yó, nígbà tí ó jẹ́ pé ebi ni ó ń pa á. Kí wọ́n tó gba iye RSS kankan gbọ́, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìlà VmSwap bóyá òdo ni.

Nígbà tí ètò bá ń wọn ara rẹ̀

E2fsck fúnra rẹ̀ lè sọ iye tí ó lò. Bí wọ́n bá fi -tt sí i, yóò máa ṣe ìròyìn ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní òpin iṣẹ́ nìkan, èyí sì ni àǹfààní tí kò sí lọ́dọ̀ àṣẹ time. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó ń kọ ní kílóbáìtì: méjì níta, méjì nínú àkámọ́. Èkíní ni ìrántí tí ó gbà láti inú òkìtì rẹ̀ tí ń ga díẹ̀díẹ̀. Èkejì ni èyí tí ó gbà ní ègé ńláńlá lọ́wọ́ kernel ní tààràtà. Àwọn méjì inú àkámọ́ ń sọ èyí tí ó ń lò lọ́wọ́ àti èyí tí ó ti lò tán tí kò tíì dá padà.

Nọ́ńbà kejì ni ó yẹ kí ojú wà lára rẹ̀. Nínú glibc, tí í ṣe àkójọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ètò Linux ń lò, ìbéèrè tí ó bá ti tó kílóbáìtì 128 kì í sábà ti inú òkìtì wá mọ́. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gé e fún. Àtẹ mẹ́gábáìtì 32 tí a ṣírò rẹ̀ lókè jìnnà sí 128 kílóbáìtì. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi bí òkìtì ṣe ga sí nìkan wọn e2fsck yóò rí ìyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní rí àpáta tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ètò náà kò bá sì lè rí ìròyìn kíkún gbà lọ́wọ́ glibc, gíga òkìtì náà ni ó ń padà sí.

Ìròyìn kíkún yẹn tún ní ìkòkò tirẹ̀ tí ó ní ihò. Iṣẹ́ tí ń jẹ́ mallinfo ni ó ń mú un wá, nọ́ńbà tí ó fi ń kọ ọ́ sí kò sì lè ju 2,147,483,647 lọ, ìyẹn bíi gígábáìtì 2. Ní ìgbà tí wọ́n ṣe é, ta ni ó rò pé ètò kan yóò lo tó bẹ́ẹ̀? Bí iye bá kọjá ibẹ̀, yóò yí padà di ohun tí kò ní ìtumọ̀. Àwọn tí ó kọ e2fsck mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n fi àṣẹ sínú rẹ̀ pé bí ìrántí bá ti kọjá gígábáìtì 2, kí ó má bi mallinfo léèrè mọ́. Ṣùgbọ́n gíga òkìtì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ àwọn ègé ńláńlá kò sí nínú òkìtì. Ó di ọdún 2021 kí glibc 2.33 tó mú mallinfo2 wá, tí nọ́ńbà tirẹ̀ fẹ̀ tó. Dísìkì kékeré kò ní mú ẹnikẹ́ni dé ibi tí àléébù yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Dísìkì ńlá tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì jù ni ó ń mú ènìyàn débẹ̀.

Wíwọ̀n rẹ̀ ní yàrá kọ̀ǹpútà

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi dísìkì tí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Àṣẹ e2image pẹ̀lú -r lè ya àwòrán ìtò-fáìlì kan láìkó ohun tí ó wà nínú fáìlì. Inode, àtẹ àti fódà nìkan ni yóò mú, e2fsck sì lè yẹ àwòrán náà wò bí ẹni pé dísìkì gidi ni. Orúkọ fáìlì wà nínú fódà, orúkọ fáìlì sì lè jẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Bí àwòrán náà yóò bá kúrò nínú ọgbà, ó yẹ kí wọ́n fi -s kún un, èyí tí ń da orúkọ wọ̀nyẹn rú.

Lórí àwòrán yìí ni kí wọ́n ti lo e2fsck pẹ̀lú -f, kí ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò bí ó tilẹ̀ rò pé ara rẹ̀ le, -n, kí ó má yí nǹkan kan padà, àti -tt. Kí àṣẹ time pẹ̀lú -v bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iye méjì ni yóò jáde, wọn kò sì ní dọ́gba pátápátá, nítorí pé e2fsck kò ka ara rẹ̀ mọ́ ohun tí ó béèrè, kernel sì kà á. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ mẹ́gábáìtì díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ẹ̀dà àṣẹ time ni kí wọ́n lọ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹ́ ṣe ìtò-fáìlì òfìfo ní gígábáìtì 1, 2 àti 4, kí ó ya gíráàfù, kí ó sì fi ìlà rẹ̀ sọ ohun tí tẹ́rábáìtì 1 yóò gbà. Ó dára fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yóò tàn án jẹ. Títí di ẹ̀dà 1.42 tí ó jáde ní 2011, bíìtì kan fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ni e2fsck ń tẹ́, yálà ó kún tàbí ó ṣófo. Láti ẹ̀dà yẹn, tí ó tún ṣí ọ̀nà fún ìtò-fáìlì tí ó ju tẹ́rábáìtì 16 lọ, ó lè kọ àkọsílẹ̀ bí ẹni tí ń sọ pé “láti àyè 1 dé 5,000, gbogbo rẹ̀ kún.” Lórí dísìkì òfìfo, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, gíráàfù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Lórí dísìkì tí wọ́n ti ń kọ fáìlì sí tí wọ́n sì ń pa á rẹ́ fún ọdún márùn-ún, gbólóhùn náà yóò pọ̀ bí iyanrìn. Nítorí náà kí wọ́n fi fáìlì kéékèèké kún ìtò-fáìlì ìdánwò, kí wọ́n pa ọ̀kan rẹ́ kí wọ́n dá ọ̀kan sí, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni láti fi ebi dán ètò wò. Àṣẹ ulimit -v ń pààlà sí ìrántí tí ètò lè béèrè; bí wọ́n bá ń dín ààlà náà kù díẹ̀díẹ̀, wọn yóò dé ibi tí e2fsck yóò ti sọ pé òun kò rí ìrántí gbà, tí yóò sì jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 8. Ìwé ilẹ̀ ni ààlà yìí ń kà, kì í ṣe yàrá, nítorí náà ibi tí ó bá ti já yóò ga díẹ̀ ju ohun tí ètò náà nílò gan-an. Ẹni tí ó bá ń lo XFS dípò ext4 kò tilẹ̀ nílò ìyọnu yìí: bí wọ́n bá fi -n, -vv àti -m 1 sí xfs_repair, tí wọ́n fi dá a lẹ́kun sí mẹ́gábáìtì kan, yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí òun rò pé ó tó. E2fsck kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí òdiwọ̀n ọjọ́ àlàáfíà kò lè fi hàn. Bí e2fsck bá rí búlọ́ọ̀kù kan tí fáìlì méjì ń dù, yóò padà sínú ìpele kìíní, yóò sì ṣe àwọn ìpele àfikún 1B, 1C àti 1D, kí ó lè mọ àwọn tí ń jà àti orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Àtẹ tuntun àti àkọsílẹ̀ tuntun ni èyí ń béèrè, ìtò-fáìlì tí ara rẹ̀ le kò sì ní fi wọ́n hàn láéláé. Iye tí wọ́n bá rí lórí àwòrán tí kò ní àìsàn ni ìsàlẹ̀ ohun tí wọ́n nílò, kì í ṣe òkè rẹ̀.

Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lè ra ìrántí kún èyí tí ó ní, e2fsck ní ọ̀nà àbáyọ kan. Nínú fáìlì e2fsck.conf, wọ́n lè kọ abala kan tí ń jẹ́ scratch_files, kí wọ́n sì dárúkọ fódà tí ètò náà yóò máa kó àkọsílẹ̀ fódà àti ti orúkọ púpọ̀ sí, dípò kí ó kó wọn sínú ìrántí. Àtẹ bíìtì kò sí lára ohun tí yóò kó lọ, iṣẹ́ náà yóò sì falẹ̀ gidigidi. Fódà náà gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì mìíràn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń yẹ̀ wò, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ ìṣòro tó dé. Bí e2fsck kò bá bá a níbẹ̀, inú ìrántí náà ni yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé wọn kò kọ nǹkan kan.